Ẹ Kú Ewu Nílé Wa, Ọ̀fọ̀ Lẹ́yìn Ògiri

Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé bàbá mi àti ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi ní Osi. Bí ìyá tirẹ̀ bá ń gún iyán, àwo ìyá tèmi á máa mì lórí pẹpẹ. A dàgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, èmi di tíṣà ní Kàdúná, òun náà wá síbẹ̀, ó ń ta obì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí ní pẹ̀lẹ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ìdí kan jókòó sọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọdún tuntun ń bọ̀, a fẹ́ lọ sílé. Èmi ti ń wá ọkọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní òun ò tún ní jókòó lórí àpò ẹ̀wà mọ́ láti Kàdúná dé Ìlọrin.

"Bàálù la máa wọ̀," ló wí. "Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní B fún bàálù, tí òun fúnra rẹ̀ ò wọ bàálù rí! Ojú ò tì ọ́?"

Bàálù kékeré ni. Èrò inú rẹ̀ kò ju ti bọ́ọ̀sì lọ, kò sì sí ilẹ̀kùn láàárín àwa àti awakọ̀. Lórí ìjókòó wa la ti ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti àwọn aago róbótó róbótó tó wà níwájú rẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n ní a ti dé òkè Ìlọrin, mo wo ìsàlẹ̀, mi ò rí Ìlọrin. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da ògì sójú fèrèsé. Awakọ̀ kò wo ìta mọ́. Àwọn aago yẹn ló tẹjú mọ́, ó ń fi wọ́n wá ọ̀nà bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò rí ilẹ̀, ó tún gbé wa gòkè. Ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí ewé igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ó sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ wọlé.

Oko pákí la já sí. Àwọn àgbẹ̀ ló fà wá yọ. Nígbà tí mo fi mọ ara mi, ọsibítù ni mo wà, eegun èjìká mi ọ̀tún ti ṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì ti kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ sin ín sí Ìlọrin níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í sì í fi ojú oórì hàn án. Ìyá náà kò rí òkú, kò rí sàréè. Ó kàn gbọ́ pé ọmọ òun ò sí mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé Osi, ilé wa ti kún. Wọ́n wá láti Èrúkù, wọ́n wá láti Ọbọ Ayégúnlẹ̀. "Ewu iná kì í pa àwòdì! Àwòdì o, kú ewu!" Kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n á rántí ògiri, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jáde, wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á fa ojú ro, wọ́n á wọ ilé kejì: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ohùn kan náà ni mò ń gbọ́ níhìn-ín, òun náà ni mò ń gbọ́ lọ́hùn-ún. Mi ò lè jókòó. Bí mo bá jókòó, mo dìde, bí mo bá dìde, ìyá mi á ní, "Níbo tún ni?"

Wọn ò jẹ́ kí n lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kó máa wò ọ́, kó máa wá ọmọ tirẹ̀ lójú rẹ? Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀." Ìyá mi ní tirẹ̀ dí ọ̀nà. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó ti ṣà tán ló tún ń ṣà.

Wọ́n ti sọ fún ìyá náà pé ojú oorun lọmọ rẹ̀ wà, pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àánú ló mú wọn parọ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó tì í, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ bó ṣe rí fún un.

Bàbá arúgbó kan ló tú kókó náà. Etí rẹ̀ ti di, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Èmi ló wá kí láti Ọbọ, ó wá ṣi ilé wọ̀. Àwa níhìn-ín gbọ́ ọ tó ń ké lọ́hùn-ún: "Ewu iná kì í pa àwòdì! Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú oríire! Ìgbà wo la máa jó ijó ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ ìyá náà pariwo lé e lórí.

"Bàbá, kì í ṣe ibí!"

"Ẹ ní kí ni?"

"Kì í ṣe ibí, bàbá, ẹ dákun!"

Ni ohùn ìyá náà bá dé, kò le, kò rọ̀. "Ẹ fi bàbá sílẹ̀. Bàbá, ẹ ṣé o. Àwòdì tí ẹ ń kí wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ bá mi pè é wá. Ó tó gẹ́ẹ́ tó ti ń sá fún mi."

"Kò lọ síbì kan," ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi wo ojú mi, ó wò ó pẹ́, ó wá fa àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Máa lọ," ló wí. "Bó bá bú ọ, má dáhùn."

Kò bú mi. Orí ẹní ló wà. Mo wá ohun tí mo máa fi kí i, mi ò rí i. Ìkíni wà fún ẹni tó ń dirun, ó wà fún ẹni tó ń ti odò bọ̀. Èwo ni ti ẹni tó yè fún ìyá ẹni tí kò yè? Mo fi ẹ̀gbẹ́ kan dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, apá rẹ á máa dùn ọ́." Ó ní kí àwọn obìnrin tó yí i ká bọ́ síta. "Wọ́n ní ó sùn ni."

Mo dìde, mo jókòó sétí ẹní rẹ̀.

"Ọmọ tí kì í sùn nínú ọkọ̀ láti kékeré, tó máa ń ka igi láti ibí dé Ìlọ́fà, ló wá sùn lójú ọ̀run? Tíṣà, ṣé ó sùn?"

"Kò sùn, mà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe." Mo wá sọ ọ́ fún un. Nígbà tí bàálù tún gòkè lẹ́ẹ̀kejì, tí àwọn kan ń pe Jésù, tí àwọn kan ń pe Ọlọ́hun, ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ọkùnrin yìí ń wá ulé bí ọ̀mùtí."

"Ulé?" ni ìyá náà wí. "Ó pè é ní ulé?"

"Ulé ló pè é, mà. Bí a ṣe ń pe ilé níbí."

Ọmọ tí wọ́n máa ń bú pé Kàdúná ti gba ẹnu rẹ̀, pé bó bá wálé ọdún, Yorùbá inú rédíò ló ń sọ sáwọn! Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ ìgbà tó di ẹkún.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. "Ẹ̀rù ńkọ́? Má tàn mí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó rọrùn láti sọ pé rárá, kí n sì máa lọ sílé.

"Ó bà á, mà. Ó bà wá. Lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ yẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú."

"Ọwọ́ wo?"

Mo na ọwọ́ òsì mi sí i. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan tó sọnù wá fún, tó ń wò ó bóyá tòun ni.

"Ṣé o jẹ́ kó dì í mú?"

"Mo jẹ́ kó dì í mú. Èmi náà di tirẹ̀ mú."

"Títí?"

"Títí, mà."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó le débi pé ó ń dùn mí. Láti ẹ̀yìn ògiri, ìyá mi pè mí. Mo ní, "Mò ń bọ̀ o." Mi ò dìde.