Àròkọ tí Mo Kọ Nípa Ìyá Mi

Alihamudulilahi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí, tó sì dá ti ìyá mi sí, tí mo fi lè sọ èyí lójú ayé wọn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Finglas, ní ìlú Dublin, iṣẹ́ pọ̀ nígboro, ilé tuntun sì ń hù bí olú. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé adìyẹ ní Damastown ni ìyá mi ń lọ. Inú òtútù ni wọ́n ń dúró sí láti àárọ̀. Bí wọ́n bá dé, èmi ni mo máa ń fi òrí ra ìka wọn títí yóò fi lè ká. Ṣùgbọ́n ní mọ́ṣáláṣí, ìyá mi ti sọ pé ọ́fíìsì ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́. "Ìyá Ọ́fíìsì" ni àwọn obìnrin ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Ìwé ni tèmi. Ọjọ́ tí mo jẹ́ kí ìrẹsì jóná nítorí ìwé obìnrin Amẹ́ríkà kan, ìgbátí méjì ni mo jẹ. Ọdún pípẹ́ ni obìnrin náà fi kọ ìtàn àròsọ tí ẹnikẹ́ni kò rà, kó tó kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ tó ń fọṣọ fún olówó. Àròkọ yẹn ló gbé e dìde.

Láíbìrì wa kéde pé òǹkọ̀wé náà ń bọ̀: kí ọmọdé kọ nípa ẹnì kan nílé wọn, ẹni tó bá yege yóò ka tirẹ̀ sókè. Mo kọ nípa adìyẹ, òtútù àti ìka. Mo yege. Ìyá mi kò béèrè ohun tí mo kọ, ayọ̀ ni wọ́n fi pe gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí mo rí wọn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n kún ìlà iwájú, ẹ̀rù bà mí pé àṣírí ọ́fíìsì ìyá mi máa tú. Mo sá tọ òǹkọ̀wé náà lọ, mo bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe gba ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní, "Mo kà á fún un kí n tó fi han ẹnikẹ́ni. Ìwọ ńkọ́?"

Mo mi orí.

"Lọ pè é. A máa dúró dè yín."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ka àròkọ náà fún ìyá mi. Alhaja kan ń pariwo nínú gbọ̀ngàn pé, "Ìyá Ọ́fíìsì, ṣé ọmọ ti sá ni?" Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi gba ìwé náà, wọ́n wò ó pẹ́.

"O ò kọ ọ́ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́ níbẹ̀. Fi sí i. Kà á sókè, kí Alhaja gbọ́."

Mo kà á. Nígbà tí mo parí, Alhaja tẹ̀ sí etí ìyá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn níbẹ̀?"

Láyé ìgbà náà, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ilé tó bá jáde síta máa ń bà wá. Lónìí, bí ìyá àgbà bá sùn lórí àga, àwọn ọmọ mi á ti ya fọ́tò wọn, á ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé kí wọ́n tó jí. Mo ń bá wọn wí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí Ọlọ́run bo àṣírí yín. Bí ẹnì kan yóò bá sì sọ ọ̀rọ̀ yín fáyé gbọ́, kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín. Àmín.