Ọjọ́ tí Àbáyọ̀mí Oníwáìnì Gba Garawa ní Newtown

Gbogbo àdúgbò wa, Yeoville ní Johannesburg, ló mọ ìtàn garawa, ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ìdílé Rouvelac láti ilẹ̀ Faransé pe olówò wáìnì mẹ́sàn-án sí gbọ̀ngàn kan ní Newtown. Ìran keje nìyẹn tí ìdílé yìí ti ń fún èso àjàrà lórí òkè kan náà, tí bàbá ń kọ́ ọmọ, tí ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ. Bàbá Rouvelac ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, Odile ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa ta wáìnì wọn ní gbogbo Johannesburg. Àbáyọ̀mí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òpópónà Rockey kò ju yàrá kan lọ, wọ agbádá, ó jókòó síwájú. Bí wọn kò bá mú un, wáìnì tó ti fi ọdún mẹ́tàlá polongo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n bu wáìnì pupa fún oníkálukú. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Roodepoort gbé e sẹ́nu, ó yí i kiri bí ẹni tó ń fọ eyín, ó sì tu ú sínú garawa fàdákà kan. Bí àwọn atọ́wáìnìwò ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ọtí má baà gbé wọn ṣubú kí wọ́n tó dé orí ìgò kẹwàá. Ṣùgbọ́n adẹ́mu ni bàbá tó bí Àbáyọ̀mí ní Ìjerò-Èkìtì. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí o bá tu ẹmu adẹ́mu dànù lójú rẹ̀, o ti bú u tìyá-tìbàbá.

Àbáyọ̀mí dìde. Ó gba garawa mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ agbádá. Nígbà tó la ẹnu, fèrèsé mì títí dé Braamfontein.

"Ṣé orí yín pé ṣá? Bàbá yìí kò tíì lo ọdún kan nínú sàréè, ẹ ń tu òógùn rẹ̀ dànù lójú ọmọ rẹ̀!"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyí," ni ará Roodepoort wí.

"Bí ìyàwó rẹ bá se ọbẹ̀, ṣé garawa lo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì? Gbé e mì!"

Ọkùnrin náà gbé e mì. Àwọn méje yòókù gbé e mì. Nígbà tí wọ́n fi dé orí ìgò kẹjọ, ará Roodepoort ti ń kí àga, ó ń pè é ní "sà".

Ṣùgbọ́n Odile kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sì jáde.

"Ó parí," ni Alhaji Zulkifli sọ láti ẹ̀yìn. "Àbáyọ̀mí, o ti lé ọmọ olóhun jáde."

Alhaji yìí ló ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kan ti Àbáyọ̀mí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Kò fi ètè kan ọtí rí, kò sì purọ́ rí, ìdí nìyẹn tí Àbáyọ̀mí fi máa ń mú un lọ síbi gbogbo bí ẹlẹ́rìí.

Báwo ni ọmọ adẹ́mu ṣe wá di èèyàn ìdílé Rouvelac? Ìgò kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbáyọ̀mí mu wáìnì wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó sí etí títì, ó sì sunkún gidi. Lẹ́yìn náà ló da àdírẹ́sì tó wà lára ìgò kọ, ó sì kọ lẹ́tà olójú-ewé mọ́kànlá. Ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́, kíkí ni. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè òjò, ó béèrè orúnkún Bàbá Rouvelac, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí orúnkún kì í dùn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé pẹ̀lú ìgò mẹ́fà. Orúnkún òsì ló ń dùn ún.

Láti ọjọ́ náà, "ọ̀rẹ́ mi Rouvelac" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kó mú lẹ́tà jáde kí àwọn rí i, yóò ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń tà fún. Lọ́jọ́ kan, Ezra awakọ̀ taksí wá ra ìgò kan, ìgò kóòkì ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Kí lo fẹ́ fi kóòkì yẹn ṣe?"

"Eish, Bàbá, mo fẹ́ pò ó mọ́ ọn ni. Ó máa dùn, shap."

Àbáyọ̀mí gba ìgò padà, ó rọra gbé e lé orí pẹpẹ bí ọmọ tó sùn. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wáìnì yìí fi sùn nínú àgbá àti nínú ihò òkúta. Bàbá tọ́jú rẹ̀, ọmọ ṣọ́ ọ. Ìwọ fẹ́ fi ṣúgà jí i?"

Ezra padà wá lọ́jọ́ kejì láìsí kóòkì. Àbáyọ̀mí gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀ kó tó tà fún un.

"Ìgò mélòó lo tà lónìí?" ni Ìbíjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń béèrè.

"N kò tà kankan. Ṣùgbọ́n mo ti lé mẹ́rin tí kò yẹ."

Ẹ jẹ́ ká padà sí Newtown. Odile tún wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ni Àbáyọ̀mí nínú yín?"

Àbáyọ̀mí yọ garawa lábẹ́ agbádá, ó gbé e sílẹ̀. "Èmi ni, ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ."

Odile mi orí. "Rárá. Bàbá mi kò pè yín ní ọ̀rẹ́ rí."

Ará Roodepoort bú sẹ́rìn-ín. Alhaji wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ló ń pè yín," ni Odile wí. "Tí lẹ́tà yín bá dé, ó máa ń dìde dúró kà á. Òun náà kò sì tu wáìnì rí, wọ́n ní agídí ni. Ìta ni mo lọ kí n má baà sunkún lójú àwọn oníbàárà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ará Roodepoort. Ṣùgbọ́n Odile ń wo Àbáyọ̀mí láti òkè délẹ̀. Irun bàbá náà dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko.

"Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ ní ẹ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá. Ṣé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mò ń wò yìí?"

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ti lẹ́tà mọ́nú àpótí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Àbáyọ̀mí nígbà tó kọ ọ́. Ó bu mẹ́rìnlá lé e kí òyìnbó má baà fojú ọmọdé wò ó.

Àbáyọ̀mí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Wáìnì yín ni, ọmọ mi. Wáìnì yín ni kò jẹ́ kí n gbó."

Odile rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fọwọ́ sí ìwé.

Nínú taksí, Alhaji ń bínú. "Ọdún mẹ́rìnlá! Bí wọ́n bá bi mí léèrè ńkọ́? N kò lè purọ́ nítorí ọtí láéláé."

"Ta ló ní kó o purọ́? Ikọ́ lo wú." Garawa Newtown wà lórí itan Àbáyọ̀mí bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó délé, ó dá ihò sí ìdí garawa náà, ó gbin ewúro sínú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti gba garawa lọ́wọ́ ìwàkíwà.

Ọdún márùn-ún ló fi ta wáìnì náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú kan ṣoṣo, kó tó sùn tí kò jí mọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Odile kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá ṣe ìrántí, Ìbíjọkẹ́ ní kí wọ́n lọ tún àwòrán ọkọ òun tẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Odile dé pẹ̀lú ìgò mẹ́fà. Ó rí ewúro nínú garawa, ó já ewé kan, ó sì jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ibi tí yóò tu ú sí. Ojú rẹ̀ wá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Àbáyọ̀mí lára ògiri. Ó gbé e mì.

A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó nu omi ojú, ó sún mọ́ àwòrán, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí Alhaji Zulkifli.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ṣé ó pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lóòótọ́? Kò jọ ọ́ rárá."

Gbogbo wa kọjú sí Alhaji. Ìbíjọkẹ́ di etí gèlè rẹ̀ mú. Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára ògiri.

"Wáìnì yín ni, ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Wáìnì yín ni kò jẹ́ kó gbó."