Kùkùté Tí Mo Tọ́ka Sí Nínú Igbó Ọba

Tí èèyàn bá jáde ní Ìkọ̀lé láyé ìgbà yẹn, tó kọrí sí apá igbó ọba, òórùn ajílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kó tó fojú kan ọgbà tí a ti ń hu ọmọ igi. Ìgbẹ́ adìẹ ni, tí a pò mọ́ ilẹ̀ dúdú, tí a bomi rin, tí ooru sì ń mú un rú túú lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ṣe ìbòji fún àwọn ọmọ igi. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi ìborùn bo imú. Èmi kì í bò ó. Kì í ṣe pé òórùn náà tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́dún yẹn, kò sí ohun tó ń rùn sí mi tàbí tó ń ta sánsán sí mi débi tí mo fi máa gbé ọwọ́ sókè nítorí rẹ̀. Mo kàn ń jókòó sórí àpótí, mo ń bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, mo ń tò wọ́n sí ìlà, èmi tó jẹ́ pé igi gígé ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà.

Agégi ni mí tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn Òmù títí dé Ìkọ̀lé, kò sí onípákó tí kò mọ èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo ń di ẹ̀rọ mú. Òun ló ń ṣá ìtàkùn, tó ń fa okùn, tó ń gbójú sókè wo ibi tí igi fẹ́ wó sí. Láti ìgbà tí àwa méjèèjì ò tíì gbéyàwó la ti jọ ń ṣe é. Ẹ̀rọ agégi yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dì mú lọ́dọọdún kó má gba nǹkan kan lára ẹni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan tó máa ń kú lówùúrọ̀, lẹ́yìn náà ó di gbogbo ìka. Tí ọyẹ́ bá dé, wọn a funfun bí ẹfun, ìyàwó mi a sì máa fi omi gbígbóná àti òrí pa wọ́n títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà síbẹ̀. Nígbà tó yá, mo lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi kí n má mọ̀ pé mo ti dì í, àfi tí mo bá wo àyà mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, a fẹ́ gé arère kan. Ìtàkùn ti so orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ igi mìíràn lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ojú wa ò tó. Nígbà tó ń bọ̀, ìtàkùn náà fà á, ó yí padà, ó sì wó síbi tí kò yẹ kó wó sí. Ohun tí mo rántí ni pé ẹ̀rọ ṣì ń bú lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé mo ṣì dì í mú. N kò rántí pé mo kígbe. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí ló bá mi gbé ọ̀rẹ́ mi jáde lábẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, wọn ò sì jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ náà wọ̀ kí wọ́n tó sin ín sí Òmù. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ayégbajú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Kí ó tó dé, wọ́n ti bo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ pupa náà, ó wo èmi. Mo ní, "Igi ló wó lù ú." Ó mi orí. Èmi náà mi orí. Ó parí síbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ ibùsùn, n kò sì yọ ọ́ mọ́. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń dá àwọn ọmọ mi lóhùn tí wọ́n bá pè mí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ tí èmi ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ kan dé, tó ní òun fẹ́ máa gbin igi padà sínú igbó ọba, kí òun sì máa tọ́jú èyí tó kù. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa ló kó ìròyìn náà wọlé fún wa: "Uṣẹ́ ti dé o, uṣẹ́ igi!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ láti gbin igi tí kì í ṣe kòkó, tí kì í ṣe ọ̀pẹ? Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó lọ̀ ọ́, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi gun ọ̀kadà.

Pápá ilé-ìwé kan ni wọ́n ti ń yẹ àwa tí a wá gbaṣẹ́ wò. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà tí a fi koríko hun. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ti ṣe rí. Mo ní mo gé igi. Mo rò pé ó máa ní kí n máa lọ.

Ó ní, "Irú yín gan-an la ń wá. Ẹ mọ inú igbó, ẹ ò ní bẹ̀rù rẹ̀."

Ó wá ń ṣàlàyé fún wa pé iṣẹ́ ọjọ́ iwájú nìyí, pé odò tó ń gbẹ máa kún padà, pé àwọn ọmọ wa ló máa jẹ èrè rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò wọ̀ mí lára. Wọ́n fún mi ní bàtà òjò àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, mo dúpẹ́, mo sì gbé wọn lọ sílé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́ ni mo rí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, tó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń fa koríko láàárín àwọn ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó wa. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà."

Ìyẹn nìkan. Wọ́n ní kí n máa bá wọn ṣí àwọn ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nípò, kí n máa gbìn wọ́n sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn wọn kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. N kò lè mọ ìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ jù. Kí n tó gbójú wò ó, ó ti ṣẹ́. Obìnrin tó ń bójú tó ọgbà náà wá dúró lórí mi, ó wo ìlà tí mo gbìn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń pa wọ́n o." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló dáhùn láti òdìkejì, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì máa bu ilẹ̀, kí n máa gbìn ín." Bí iṣẹ́ ò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ń bu ilẹ̀, mo ń sún ọ̀rá sí i. Ó ń fi ìka kan dá ilẹ̀ lu, ó ń ki ọmọ igi bọ̀ ọ́, ó ń tẹ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ẹ̀ẹ̀rùn yẹn já. Àwọn tó ń wò wá rò pé à ń tu ara wa nínú ni. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ eyín tó ń yọ lẹ́nu ọmọ la máa ń sọ, tàbí ti gbágùúdá, tàbí ti òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀. A dà bí èrò méjì tó jókòó sí gáréèjì, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ kan náà, tí wọn ò sì mọ̀ bóyá yóò wá.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, ọ̀gá kó wa jọ, ó ní apá igbó tí a máa kọ́kọ́ gbìn ni apá kan báyìí báyìí, níbi tí àwọn agégi ti gé gbogbo igi tán. Mo mọ ibẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gé e tán. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí bí ìgbà tí èèyàn ń dárúkọ ìlú tí n kò dé rí. Nígbà tí mo lọ fọwọ́ nídìí dírọ́ọ̀mù, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi.

"Bàbá Ìbejì, apá ibẹ̀ ni, àbí?"

"Apá ibẹ̀ ni."

"Ẹ mú mi dé ìdí igi tó wó lù ú. Mi ò fojú rí i. Wọ́n kàn sọ fún mi ni."

Mo ní mo gbọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé àwa àti àwọn ọmọ igi lọ. Nígbà tí wọ́n ní ká sinmi ká jẹun, èmi àti obìnrin náà yà kúrò lára àwọn yòókù. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi á mú mi débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti wá gé igi níbẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀nà tí a la ti di igbó, àwọn mìíràn ti la tiwọn. Kùkùté wà káàkiri, ewé ti bò wọ́n. Mo lọ sídìí ọ̀kan, ó kéré jù. Mo lọ sídìí òmíràn, kì í ṣe bí mo ṣe ń gé igi ni wọ́n gbà gé e. Mo wá odò kékeré tí a máa ń bu omi nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo yípo, mo tún yípo, obìnrin náà ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo dúró.

"Ìyàwó wa, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ tọ́ka sí ọ̀kan."

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn yín. Mi ò dá a mọ̀ ni."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣáà tọ́ka sí ọ̀kan fún mi."

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo tọ́ka sí kùkùté kan tó wà níwájú, tí olú funfun hù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò mọ ìdí tí mo fi mú un. Bóyá torí pé ìbòji wà níbẹ̀. Ó lọ síbẹ̀, ó tú ọmọ sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀. Ó tẹ́wọ́, ó ṣe àdúà kúkúrú, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Lẹ́yìn náà ó tú oúnjẹ rẹ̀, iṣu sísè àti epo, ó sì bù fún mi. A jẹun níbẹ̀. Ọmọ náà di ara kùkùté mú, ó dìde dúró, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Kò pẹ́ ni obìnrin náà bi mí pé:

"Kí ló sọ kẹ́yìn?"

"Ó ní kí n dúró díẹ̀, òun fẹ́ wo ìtàkùn kan."

"Kò dárúkọ mi?"

"Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó mi orí, ó jẹ iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Ó dáa," ló wí. Wọ́n pè wá, a padà sẹ́nu iṣẹ́. A ò gbin nǹkan kan sídìí kùkùté náà. Ibi tí okùn ìlà bá gbà la gbin igi sí.

Ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́ títí. Owó tí wọ́n ń rí gbà láti òkèèrè dáwọ́ dúró, ọ̀gá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Àwọn kan gé lára igi tí a gbìn kí ó tó gbó. Díẹ̀ ṣì wà, mo ń rí wọn láti ojú ọ̀nà. Èmi lọ ń dáko. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ kọ́ aṣọ rírán, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkọ̀lé. Nígbà tí ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé dáadáa, ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi, ó ní kí n bá wọn lọ sínú igbó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n júwe ọ̀nà ni. Àṣé obìnrin náà mọ ọ̀nà jù mí lọ. Ó ń lọ níwájú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, títí tó fi dúró síbi kùkùté tí mo tọ́ka sí lọ́jọ́sí, tí ikán ti jẹ igi rẹ̀ tán, tó ku òkìtì kékeré.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ibí ni."

Ọmọbìnrin náà yí ojú sí mi. "Bàbá, ṣé ibí ni?"

Mo ní, "Ibí ni."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú ló ń bá a wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo gbà pé ẹni tí nǹkan kan ò dùn mọ́ nínú, tí nǹkan kan ò sì dun ún, kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sunkún ná kí n tó lè ṣe ohunkóhun fún obìnrin yẹn. N kò sunkún títí di òní. Ṣùgbọ́n kò bèèrè ẹkún lọ́wọ́ mi. Ibì kan ló ń wá, tó lè jókòó sí, tó sì lè mú ọmọ rẹ̀ wá. Èmi nìkan ló kù láyé tó lè fún un ní ibì kan, mo sì fún un.