Àlùjànnú Inú Kọ̀ǹpútà Rokibat

Wọ́n ní Rokibat, ọmọ Àṣàbí, ń bá àlùjànnú sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ọjà-Ọba ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́dún 1995. N kò gbà á gbọ́ tán, àmọ́ kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Tanke, mo ti ka Áyátúlì Kúrísíyù lẹ́ẹ̀mẹta. Kò kúkú pa mí lára.

Ìwé àdúà ẹgbẹ́ àsáláátù wa ló ń bá mi tẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó máa ta aṣọ. Òun ní ojú ẹ̀rọ ló wu òun. Òótọ́ sì ni, ó ń sọ̀rọ̀ sí i: "Dúró ná, mo ti rí ọ."

"Rokibat, ta lò ń dá lóhùn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́, Màmá! Ẹ wo àwọn fèrèsé tó wà lójú ẹ̀rọ yìí. Kò sí èyí tó rí ọwọ́ yín. Aṣọ́nà kan ló wà níwájú gbogbo wọn. Tí ẹ bá tẹ nǹkan, òun ló máa jẹ́ iṣẹ́ náà fún fèrèsé tó wà lókè. Tí ọwọ́ ìyẹn bá dí, aṣọ́nà á to àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dé. Kò ní da ìkankan nù."

"Bíi ẹnu ọ̀nà wa tí bàbá àwọn ọmọ bá ń kírun, tí àwọn àlejò á tò dè é."

"Ó ti yé yín!"

Ibẹ̀ la wà tí Alhaji Abdulganiyu, tó ni ṣọ́ọ̀bù, fi wọlé. Ọ̀gá ni ní sẹkitéríàtì kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà yẹn, aago orí tábìlì ló máa ń tẹ̀ títí mẹ́séńjà á fi sáré dé. Lẹ́tà àtijọ́ kan ló fẹ́ pa rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì ìparẹ́, ó tẹ bọ́tìnì "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ̀rọ ṣì ń tẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde, kò mira. Alhaji tún tẹ méjèèjì, ó tún tẹ̀ wọ́n, bí ẹni ń pe mẹ́séńjà.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ó ti gbọ́!"

"Tó bá ti gbọ́, kí ló dé tí kò dáhùn?"

Ó dáhùn. Lẹ́tà lọ. Ìwé tó tẹ̀lé e nínú àtòkọ ojú ẹ̀rọ lọ. Ìkẹta náà lọ: àdúà ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Alhaji fò sẹ́yìn. "Àlùjànnú yẹn ni! Rokibat, fi Àlùkùránì búra pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ yìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, má padà wá lọ́la."

Ojú ọmọ náà pọ́n. Iṣẹ́ nìkan kọ́, orúkọ ni. Ta ló máa gba ọmọ tó ní àlùjànnú síṣẹ́, ká má tíì sọ ti ilé ọkọ?

"Mo máa búra, Alhaji. Àmọ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ búra: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tẹ̀ ẹ́?"

Alhaji wò mí. Mo wo àjà.

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Àlùkùránì ni o, Alhaji," èmi náà dá sí i.

"Ẹ̀ẹ̀kan tó lágbára ni! Ìkejì yẹn, ọwọ́ ló yọ̀. Ìkẹta..."

Rokibat ti fa báàgì rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì. Ó mú díìsìkì kan jáde, orúkọ ẹgbẹ́ wa wà lára rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀dà rẹ̀ rèé, Màmá. Àlùjànnú ló ní kí n ṣe é láàárọ̀."

Alhaji ṣì ń ṣàlàyé ìkẹta bó ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà jáde.