Elédè Tí Kò Rí Ọ̀rọ̀ Sọ

Èdè wo ni Ọlọ́run fi ń dá ènìyàn lóhùn? Ó pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà, mi ò tíì lè sọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe. Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pọ̀, ó sì gbọ́ púpọ̀ nínú wọn; ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Elédè. Fóònù ìyàwó rẹ̀ kì í fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà tó bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Elede, se o ti jeun?" a kì í mọ̀ bóyá ọ̀mọ̀wé ló ń pè ni, àbí ẹran inú ẹrọ̀fọ̀. Mo mọ èyí tí ǹ bá pè é.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn wọn pé ọkọ òun yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa to àwọn aláìsàn, kí àwọn aboyún yéé dúró lórí ìlà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Elédè fi Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà náà, ṣe é. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní ẹsẹ̀ Python wúwo, bí ẹni pé àwọn aboyún fẹ́ sáré ìje. Ó fi í sílẹ̀, ó mú èdè mìíràn, Java. Ó ní àròyé ìyẹn náà pọ̀. Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èyí kò tilẹ̀ lé eku, ihò ló ń yẹ̀ wò. Mo gbàdúrà kó mú ẹyọ kan. Bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni, àmọ́ mi ò dákẹ́.

Ní Sátidé mo bá a ní yàrá, tíì ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo.

"Èwo ló tún kàn?"

"Rust ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í gba gbẹ̀rẹ́."

"Kí lo ti fi kọ?"

"Mo ṣì ń kọ́ ọ ná."

"Èyí tí o fi Python ṣe ńkọ́? Ṣé ó ń to èèyàn?"

"Ó ń tò wọ́n. Kò kàn wù mí ni."

"Gbé e fún wọn."

"Táwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá rí i, ojú á tì mí."

"Ojú ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò ní pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé Ọlọ́run ní kí n má tíì gbé e jáde. Tó bá ti ẹnu yín jáde, á gbà."