Abẹ́rẹ́ Tí Hezekiah Kò Rí Gún

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà ni Ṣàkírù jẹ Hezekiah, owó oògùn ibà táwọn ọmọ rẹ̀ lò nígbà òjò. Lọ́jọ́ tí Hezekiah gbéra ní Japara láti lọ sin owó náà lóko kòkó rẹ̀, ọ̀kadà ti gba ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Nọ́ọ̀sì ológun ni Hezekiah kó tó fẹ̀yìntì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn. Òun ló ń kọ́ àwọn ṣọ́jà bí wọ́n ṣe ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ kan tó dà bíi bíró, nítorí gáàsì olóró tí ọ̀tá lè tú sójú ogun. "Dì í mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Má fi àtàǹpàkò lé e lórí, àtàǹpàkò ni yóò gún. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan, ṣòkòtò kò dí i lọ́wọ́, má sì tètè fà á yọ." Ó kọ́ wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Gáàsì kankan kò dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó oṣù ọ̀fẹ́ ló ń gbà.

Nígbà tó dé oko náà, ilẹ̀ ló ti bá Ṣàkírù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì tó fi ń fín kòkó. Oògùn kòkòrò ti jò sí i lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, èémí rẹ̀ ń há, ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Aqeelah ìyàwó rẹ̀ gbé ife epo pupa dání, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu.

"Ìyàwó, gbé epo yẹn sílẹ̀."

"Bàbá Ṣọ́jà, epo ló ń pa májèlé."

"Kò mu ún, awọ ara ló gbà wọlé. Epo yẹn á há a lọ́fun, á sì ṣíwájú oògùn pa á."

Hezekiah la ojú Ṣàkírù wò. Ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni oògùn yìí àti gáàsì tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ retí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ bíró kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba kì í jẹ́ kéèyàn gbé e relé.

Ó fi ọ̀rá wé ọwọ́, ó bọ́ aṣọ lára Ṣàkírù, òun àti Aqeelah fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́. Ó pe ọsibítù nítorí oògùn tó máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ bíró náà. "Nọ́ọ̀sì Gbémi, ẹ wá atropine sílẹ̀, kó pọ̀ o. Ẹyọ kan kò ní tó."

Kingsley, ọlọ́kadà tó gbé Hezekiah wá, wò wọ́n. "Bàbá, èèyàn mẹ́ta?"

"Owó mẹ́ta lo máa gbà. Gbéra."

Ní ọsibítù, Gbémi gún un, ó tún un gún, títí itọ́ fi gbẹ, tí èémí sì là. Nígbà tí oògùn tán, Hezekiah ra òmíràn níta, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kí oòrùn tó wọ̀, Ṣàkírù béèrè omi.

Nígbà tí wọ́n ta kòkó, ó mú ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n wá. Hezekiah kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Tánkì tó ń jò yẹn ńkọ́? Bọ́ọ̀tù ńkọ́, ìbọ̀wọ́ ńkọ́?"

Ṣàkírù ní òun kò tíì rà wọ́n.

Hezekiah ti owó náà padà sí i. "Lọ rà wọ́n. Òkú kì í san gbèsè. Pẹ̀lú owó abẹ́rẹ́, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́ta lo jẹ mí, mi ò sì yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀."

Ṣàkírù kó owó náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì forí lé ọjà.