Ohùn Tí A Ń Retí Nínú Igbó Lagbé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí màmá mi sìn mí dé ibùdókọ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé àpò gààrí kékeré kan lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ibi tí mò ń lọ kò ní gààrí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ gan-an ni. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ nípa iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe. Wọ́n ti béèrè títí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èsì tí mò ń fún wọn kò sì yé èmi fúnra mi.

Bàọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ni mò ń kà ní yunifásítì. Dókítà ni mo fẹ́ dà. Mo ṣe ìdánwò títí ó fi sú mi, bàọ́lọ́jì ni wọ́n fún mi, mo sì gbà á bí ẹni gba aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Nígbà tó di ọdún tí wọ́n ní kí olúkúlùkù wa lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, kí a lè mọ irú iṣẹ́ tó bá wa mu, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ sí ilé-iṣẹ́ ọtí, àwọn mìíràn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ni èmi fẹ́, kí n ṣáà lè wọ aṣọ funfun. Wọ́n ní kò sí àyè. Olùkọ́ mi kan ló wá sọ fún mi pé obìnrin kan tí àwọn jọ kàwé rí ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá, ní Ifangni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ náà ni kí a máa wá ọ̀bọ.

A gba Ìlaró àti Ọwọ̀dé lọ sí Ìdíìrókò. Ọ̀nà náà dára níbì kan, ó di kòtò níbòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wa dúró ju kòtò lọ ni àwọn agbófinró tó ń yẹ ẹrù wò. Dẹ́rẹ́bà wa ní ẹni tó bá fẹ́ sọdá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sùúrù san owó ọ̀nà. Ní Ìgólò, ìlú tó wà ní òdìkejì ibodè, mo pààrọ̀ náírà mi sí sẹ́fà, owó tiwọn, mo sì gun ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní sémíjàn níbẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà kún fún bẹntiróòlù nínú ìgò lórí tábìlì. Kpayó lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ọ̀dọ̀ tiwa ló ti ń wá, èmi àti òun jọ sọdá ni.

Ọlọ́kadà náà wo báàgì mi, ó ní, "Bọn arivé, ẹ káàbọ̀. Ṣé sítáàjì lẹ wá ṣe?"

Sítáàjì ni èdè Faransé fi ń pe ìkọ́ṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó lọ́nà ni wọ́n fi Faransé kọ, ṣùgbọ́n ẹnu tí mò ń gbọ́ lábẹ́ pátákó náà dà bí ẹnu ìyá ìyá mi. Ìwé ìjọba ní Ifangni. Àwọn ọmọ ìlú ní Ìfọ̀nyìn. Ilẹ̀ pupa, igi ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, àgbàdo láàárín wọn, bákan náà pẹ̀lú ilé. Bóyá ìdí nìyẹn tí àárò ilé fi tètè mú mi. Ibi tó jọ ilé tí kì í ṣe ilé máa ń dun èèyàn ju ibi tó ṣàjèjì lọ.

Lagbé, abúlé àgbẹ̀ kan lábẹ́ Ifangni, ni ẹni tí mo wá bá ń gbé. Orúkọ wọn ni Àṣàkẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń pè wọ́n ní Tantí, bí àwa ṣe ń pe àǹtí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fún mi ní àkàsà tí wọ́n fi ewé dì, òun náà ni ẹ̀kọ tiwa, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀ tí wọn kò sè. Àtàárọ̀ ni n kò ti jẹun, mo jẹ ẹ́ tán pátá.

Tantí sọ ìtàn ọ̀bọ náà fún mi kí oúnjẹ tó dà nínú mi. Abúlé yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, irú ọ̀bọ kan tí irun ikùn rẹ̀ pupa ń gbé inú igbó àbàtà tó jẹ́ ti ìdílé wọn. Kí àkùkọ tó kọ, kí wọ́n tó pe ìrun, àwọn ọ̀bọ náà á ti ké, bàbá wọn á sì dìde gbé àdá. Tantí lọ kàwé, wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kútọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n padà wá sílé, ìbọn àti àáké ti ṣiṣẹ́ tiwọn, igbó náà dákẹ́. Àbúrò wọn ọkùnrin, Bọ̀dá Kàsímù, fẹ́ ṣán ìyókù kí ó fi gbin ọ̀pẹ. Ó ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ó gbà láti dúró de òjò àkọ́rọ̀. Bí Tantí bá fi hàn án pé ọ̀bọ kan ṣoṣo kù níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ wa kò ju pé kí a máa fetí sílẹ̀. Láfẹ̀mọ́júmọ́ a ó wọ bàtà òjò, a ó wọ inú igbó, a ó jókòó jìnnà síra wa, ẹnu ní dídì. A so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ igi, bó bá di ọ̀sán a ó jókòó tì í láti gbọ́ ohun tó gbà. Mo kọ́ ohùn àgbìgbò, mo kọ́ ti ọ̀kẹ́rẹ́, mo mọ ìyàtọ̀ àkèré kan sí èkejì. Àwòrán ń bọ̀ lórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó rí àyè kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù tí èmi fẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Mo máa ń wò ó pẹ́.

Ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú fún òjò àkọ́rọ̀ nígbà tí ọsibítù náà pè mí. Ẹnì kan ti kúrò, àyè ti ṣí, kí n máa bọ̀ kíákíá. Ibà dá Tantí dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo lọ sọ fún wọn lórí ẹní.

"Bọ́n," ni wọ́n wí, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń wí kí wọ́n tó gba nǹkan. "Máa lọ, ọmọ mi. Igbó kì í fún èèyàn ní sàtífíkéètì."

Mo di ẹrù mi. Lẹ́yìn náà mo tú u. Mo pe ọsibítù padà pé n kò ní lè wá. Ohùn tí n kò gbọ́ rí láyé mi ti wá di ohun tí mò ń ṣàfẹ́rí, tí mo fi ń jí kí wọ́n tó jí mi. N kò lè lọ kí n tó mọ̀ bóyá ó wà.

Nítorí pé Tantí kò lè dìde, Bọ̀dá Kàsímù ló bá mi lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òjò ti ń kù lókèèrè. Ó tẹ́ àpò sórí gbòǹgbò igi, ó jókòó, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹ ké, omi ń kán láti ara ewé, nǹkan kan jábọ́ lókè igi, ọkàn mi fò, èso ni. Oòrùn là.

Ó bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, igbó náà yè. Mo rántí Tantí lórí ẹní, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ohun tí Tantí ń wá kì í ṣe pé kí ẹnì kan sọ pé ọ̀bọ wà. Wọ́n fẹ́ kí ó wà ni. Bí mo bá parọ́, n óò ti gba ìwákiri náà lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, "Rárá, Bọ̀dá. N kò gbọ́ ọ."

Ó ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níbí pẹ̀lú ọkọ́. N kò mọ̀ pé ó ti dákẹ́ tó báyìí."

A tún jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí a ń retí mọ́. Nígbà tí a délé, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun óò gbin ọ̀pẹ sí apá òkè, ṣùgbọ́n òun óò fi ẹ̀bá omi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tantí kọjú sí ògiri. Gbogbo igbó náà ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì fẹ́ ohùn náà ju igbó lọ. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, wọ́n jáde wá jókòó tì mí, wọ́n ní a ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ igi tí ọ̀bọ ń jẹ èso rẹ̀ sí ẹ̀bá omi náà.

"Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́jọ́ kan," ni wọ́n wí, "kí wọ́n bá ilé."

Inú òjò ni a ti gbin àwọn igi náà. Kò pẹ́ tí mo fi gba ọ̀nà tí mo gbà lọ padà, Ìgólò, Ìdíìrókò, Ọwọ̀dé, Ìlaró. Láti ojú fèrèsé mọ́tò mo ń wo àwọn igbó kéékèèké tó kù láàárín oko, mo sì ń bi ara mi pé ohùn wo ló ti kúrò nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. N kò tíì wo ilẹ̀ tiwa bẹ́ẹ̀ rí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo wọlé. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n béèrè ohun tí mo rí. Mo ní a kò rí ọ̀bọ, a kò sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ máa ṣe, kí ohun tó kù nínú igbó wa má bàa kú láìsí ẹni tó mọ̀. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò máa san owó oṣù mi. Mo ní n kò tíì mọ̀.

Wọ́n ṣa ẹ̀wà títí, lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn dúró.

"Ẹyẹ kan wà lóko bàbá mi nígbà tí mo kéré," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú, n kò gbọ́ ọ mọ́. Báyìí ló máa ń ké."

Wọ́n ká ètè jọ, wọ́n fi súfèé ké e, ọ̀kan gígùn, lẹ́yìn náà àwọn kúkúrú tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ohùn náà fi já mọ́ wọn lẹ́nu. N kò mọ ẹyẹ náà. Mo gbé àpótí ìjókòó kan sún mọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un ké.